Àlejò Tó Mọ Oríkì Ọmọ

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ máa ń kí èèyàn nínú yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ láti apá Sábó, òórùn màlúù á dé bá a, àwọn méjèèjì á jọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ooru kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń lò wọ́n lọ. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì, inú á kàn ṣàdédé bí mi. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ, kó o má rò pé orí mi ò pé.

Mi ò lọ yunifásítì o. Fóònù ni mò ń tún ṣe, inú fóònù náà ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa gbé fóònù ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ pírámárì karùn-ún ní kọ̀ǹpútà. Wàá rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo gbà láti wá, mo ṣí búlọ́ọ̀gì fún kíláàsì náà, ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa kọ nǹkan sí. Ó dùn mọ́ wọn kọjá sísọ. Ọ̀kan kọ bí adìyẹ wọn ṣe yé ẹyin sínú bàtà bàbá ẹ̀. Mo ṣètò ẹ̀ débi pé èsì ẹnikẹ́ni ò lè jáde síta tí mi ò bá tíì kà á.

Lọ́jọ́ kejì ni mo kọ òfin sára bọ́ọ̀dù. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí i kà, mo bá yí i sí Yorùbá fúnra mi: Ẹ má dá àlejò lóhùn. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú nawọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, tí àlejò bá wá sílé wa ńkọ́? A ò ní fún wọn lómi?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo ní kó jókòó, kó yéé da kíláàsì rú. Ó jókòó. Rántí ìbéèrè yẹn o, torí èmi ò rántí ẹ̀ nígbà tó yẹ.

Màdáámù ò fẹ́ràn bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn búlọ́ọ̀gì yẹn. Ó ní àwọn tó ti jáde nílé ìwé náà tí wọ́n wà lókè òkun fẹ́ máa kí àwọn ọmọ, ó ní ṣé àwa la máa wá ti àlejò mọ́ta ni. Mo ṣàlàyé títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun tí ò tó nǹkan ló ń bà yín lẹ́rù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo fún un ní pásíwọ́ọ̀dù, òun ṣáà lọ̀gá. Ó wọlé láìsọ fún mi, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó tún gbé fọ́tò àwọn ọmọ sí i nínú yúnifọ́ọ̀mù, tòun torúkọ, torúkọ bàbá, kí ayé lè rí i pé ilé ìwé òun ti lajú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọbìnrin tó nawọ́ sókè lọ́jọ́ kejì yẹn kọ nípa ìyá àgbà ẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ní láràárọ̀ tí òun bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á fọwọ́ pa òun lẹ́yìn, wọ́n á ní Àṣàkẹ́, wọ́n á wá máa ki òun títí ògì orí iná á fi fẹ́ẹ̀ jóná.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tú fóònù oníbàárà palẹ̀, mo ní kí n yẹ búlọ́ọ̀gì wò. Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Bàbá ti fèsì sábẹ́ ohun tí ọmọ náà kọ. "Àṣàkẹ́, ọmọ dáadáa, agboolé wo ni yín? Ta ló ń mú ẹ relé?" Ọmọ yẹn sì dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ pé, mo kúnlẹ̀ kí yín sà. Ó kúnlẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò rí rí. Ó sọ agboolé wọn, ó ní òun nìkan lòun ń rìn lọ sílé, ó sọ ọ̀nà tóun ń gbà. Ọkùnrin yẹn ní kó dúró de òun lẹ́nu géètì lọ́la tí wọ́n bá jáde, òun ní ẹ̀bùn fún un, kó má tíì sọ fún ìyá àgbà, kó lè bá wọn lójijì. Àná ló kọ ọ́. Wọ́n sì máa ń jáde láago kan ààbọ̀. Mo wo aago, aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Mi ò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fò sórí ọ̀kadà, gbogbo ọ̀nà ni mò ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà bíi pé òun ló ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ ti ń tú jáde, òun nìkan ló dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ti fa ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ sókè, ó gbé báàgì síwájú.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá kan ni mò ń dúró dè."

Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mọ́tò kan tó dúró lódìkejì títì ṣíná, ó lọ. Mi ò lè búra pé òun ni. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Mo mú ọmọ náà wọ ọ́fíìsì Màdáámù, ohùn mi sì lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun lè bí mi lọ́mọ, ṣé òun ni mò ń jágbe mọ́. Ó tún ní ṣebí èmi ni mo kọ́ wọn lófin, kí ló dé tí ọmọ ò gbọ́? Àwa méjèèjì bá kọjú sọ́mọ náà. Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n ní ká má dá àlejò lóhùn. Wọn kì í ṣe àlejò. Wọ́n mọ oríkì mi."



A ránṣẹ́ pe ìyá àgbà. Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ lọ́wọ́, ìró wọn ṣì tutù níwájú. Wọn ò pariwo rárá. Wọ́n ní, "Oríkì tí mo fi ń jí ọmọ mi, ta ló gbé e sójú títì?" Ohun tí Màdáámù bẹ̀ wá ni pé ká jọ̀ọ́ ká má gbé e jáde, kó má ba orúkọ ilé ìwé jẹ́. Orúkọ ilé ìwé o! Ẹni tó gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ síta ló ń wá ibi tó máa fi tiẹ̀ pamọ́ sí. A gbé e jáde. Èmi àti ìyá àgbà jọ lọ sí tèṣán ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni.

Mo pa pásíwọ́ọ̀dù dà, mo yọ fọ́tò gbogbo wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá àgbà ní ọmọ àwọn ò lọ mọ́. Mo wá lọ sílé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jókòó ná. Ọmọ náà ló gbé omi jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó wá wò mí lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà, ṣé àlejò ni yín?"

Ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ kejì náà ni, èmi ni mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un níwájú ìyá àgbà pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ lò. Àlejò lẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí àgbà ilé rí i. Ẹni tí àgbà ilé ò rí, kì báà ki oríkì ẹ dé ìran kẹwàá, má dá a lóhùn, pe àgbà. Ìyá àgbà ní, "Ìyẹn yé èmi gan-an." Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà padà sílé ìwé.

Inú ṣì ń bí mi sí Màdáámù, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kékeré bá nawọ́ sókè báyìí tí gbogbo kíláàsì ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń kọ́kọ́ jù sílẹ̀, kí n lè gbọ́ ohun tó ń bi mí.