Ọ̀sẹ̀ Tí Kabirat Fi Gun Òkè ní Sípéènì

Ohun iṣẹ́ ni kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ jẹ́ fún Kabirat, kì í ṣe ohun fàájì. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn ní Thamesmead ní London, ilé mẹ́sàn-án lójúmọ́: ó wẹ ẹni ibí, ó fún ẹni ọ̀hún lóògùn, ó bọ́ ẹnìkẹta. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ọ́fíìsì ń fún un láti ilé kan dé èkejì, bọ́ọ̀sì kò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà tó jókòó sínú ìtọ̀, tó ń retí rẹ̀. Ló bá ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Mìkáílù ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kò fẹ́ràn rẹ̀.

“Ìyá Faiz, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí a ti wá, ta ló ń gun kẹ̀kẹ́? Ẹni tí kò rówó ra máṣíìnì ni. Kí n wá fò kọjá òkun, kí n máa wa bọ́ọ̀sì alájà méjì, kí ìyàwó mi máa fẹsẹ̀ yí ṣéènì?”

“Bàbá Faiz, ẹ bá mi sọ fún bọ́ọ̀sì yín kó máa tètè dé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra iná pupa tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á má rò pé ìkà ni ọkùnrin náà.

Ilẹ̀ Thamesmead tẹ́jú bí ẹní, nítorí àbàtà ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá òkè, Woolwich ló gbọ́dọ̀ wá. Ní ọjọ́ kan tí Kabirat ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gòkè lọ sí ìhà pápá Common, obìnrin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tirẹ̀, ó kígbe pé, “Auntie, kẹ̀kẹ́ là ń gùn o, bárò là ń tì!” Patricia nìyẹn, nọ́ọ̀sì láti Èkó, ará àdúgbò Barnfield, oníṣọ́ọ̀ṣì tòótọ́. Ó dúró dè é lókè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n wá di obìnrin mẹ́fà tó ń pàdé níwájú bárékè àwọn ṣọ́jà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ìborí tín-ín-rín wà lórí Kabirat lábẹ́ akoto. Àwọn ọmọdé máa ń pariwo tẹ̀lé wọn, “Go on, Mummy!” Òun a sì dá wọn lóhùn pé, “Ẹ lọ ka ìwé yín!”

Ọdún mẹ́ta ni Kabirat fi múra láti lọ fi kẹ̀kẹ́ gun òkè ní Sípéènì. Patricia ló rí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí òkè, amọ̀nà kan níwájú, ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìn tó máa gbé ẹrù wọn, tó sì máa gbé ẹni tó bá rẹ̀.

Ìyá Kabirat wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dọ̀ Kàfí, àbúrò Kabirat. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí Kabirat àti ìyá rẹ̀ má rí ojú ara wọn lórí fóònù. Nígbà tó sọ ti Sípéènì fún un, Màmá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

“Kí ló wà lórí òkè náà?”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màámi.”

“Kí wá lẹ̀ ń lọ ṣe níbẹ̀?”

“A ó dé orí rẹ̀ ni. A ó sì sọ̀ kalẹ̀.”

“Ha! Ọmọ mi ti ya òyìnbó.” Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tó o bá dé orí rẹ̀, jẹ́ kí n rí i.”

Ọjọ́ Sátidé ni Kabirat àti Patricia wọ bàálù. Ní Sọ́ńdè, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá dìde láti ṣe alùwàlá. Kàfí gbọ́ tí kẹ́tùlù dún lórí sìmẹ́ńtì, kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Kó tó dé ẹ̀yìnkùlé, Màmá ti lọ. Lẹ́yìn ìrun Àyìlá ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Kò sí bàálù tí ì bá gbé Kabirat dé ibẹ̀ kí wọ́n tó bo ilẹ̀. Kì í ṣe ti ìsìnkú ni mò ń sọ. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ni mò ń sọ, tó bọ́ sí Sọ́ńdè kejì. Ẹni tó bá gbọ́ ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ yóò délé, yóò mú pasipọ́ọ̀tù rẹ̀, yóò sì ti wà ní Ìjẹ̀bú ṣáájú Jímọ̀.

Mìkáílù pe èmi àti àwọn àgbà méjì tí a jọ ń kírun wá sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Orí òkè ló wà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó já bọ́ láti òrùlé ni. Tí mo bá sọ fún un, tí omijé dí i lójú ńkọ́?”

“Sọ pé ara Màmá kò yá, kó máa bọ̀,” ni mo wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa kí a tó bí mi.

“Alhaja, ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Bí mo bá ti la ẹnu pé ara wọn kò yá, ó ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Òkú ti wọlẹ̀ ná. Tó bá dé, a ó jókòó tì í, a ó sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ.”

A wo ara wa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà fún un. Mo gbà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ka ọjọ́.

Mìkáílù pe Patricia lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún un, kó lè máa gùn nítòsí Kabirat. Patricia ní òun kò lè parọ́. Mìkáílù ní kò sẹ́ni tó ní kó parọ́, kó sáà má sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Kabirat pe ilé. Kàfí ló gbé e, Mìkáílù sì ti bẹ òun náà pé kó má sọ.

“Wọ́n ti sùn.”

Ní Mọ́ńdè, wọ́n wà lórí ìrun. Ní Túsìdeè, ojú ń dùn wọ́n, wọn kò fẹ́ wo iná fóònù.

“Kàfí, kí ló dé tí ohùn rẹ há báyìí?”

“Ọ̀fìnkìn ni, Auntie mi.”

“Lo oògùn. Má kó o ran Màámi.”

“Mi ò ní kó o ràn wọ́n.”

Àlàmísì ni ọjọ́ òkè tó ga jù. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gùn ún, ọ̀nà náà ń lọ́ bí ìfun, ó ń lọ́, kò sì tán. Òógùn gbẹ sí Kabirat lára, ó di iyọ̀ funfun. Jíà tó kéré jù ló wà tẹ́lẹ̀. Kò sí òmíràn tó kù láti yí sí. Lẹ́yìn agogo méjìlá, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé wọn dúró, awakọ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un.

“Patricia, máa lọ. Èmi ti parí tèmi.”

“Auntie Kabi, mò ń bá yín jókòó.”

Kabirat mú fóònù, ó kọ̀wé sí Kàfí: Bá mi sọ fún Màámi kí wọ́n ṣàdúà sí i fún mi. Mo fẹ́ wọ mọ́tò.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èsì tó wọlé. Ohùn ni. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

“Kabirat, ọmọ mi. Ibi tó ò ń lọ yìí, wàá dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀. Wàá lọ, wàá bọ̀, wàá bá mi láyọ̀. Ó dọwọ́ Ọlọ́hun.”

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Kabirat ń padà sí London láti ilé, ni Màmá gba ohùn náà sílẹ̀. Kàfí ló tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tó fi fi í ránṣẹ́, ó ní ọwọ́ òun ló ṣe é kí ọkàn òun tó mọ̀. Ó ní àdúà ni ẹ̀gbọ́n òun béèrè, àdúà sì ni òun ní.

“Àmín!” ni Kabirat kígbe. Ó tún un gbọ́, ó ní kí Patricia náà gbọ́. Patricia dìde, ó sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì tètè bọ̀.

“Patricia! Ìwọ ajíhìnrere yìí, àdúà Mùsùlùmí ló lé ẹ sáré bẹ́ẹ̀?”

“Inú ló ń run mí,” ni Patricia dáhùn látibẹ̀.

Kabirat rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó padà sórí kẹ̀kẹ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ó dé orí òkè náà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ̀ gbé akoto lórí rẹ̀. Ó yí fóònù káàkiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ilé hàn àlejò.

“Màámi, ẹ wò ó. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ wo bí ayé ṣe fẹ̀.”

Ó fi ránṣẹ́. Ó rí i pé wọ́n ti ṣí i wò. Orí ẹní Màmá ni Kàfí jókòó sí tó fi wò ó. Ó ki etí ìborí bọ ẹnu kí àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Mìkáílù lọ gbé e ní pápákọ̀. Bàtà ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà tó wọlé. Kabirat rí wa, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ̀yin èèyàn yìí! Torí pé mo gun kẹ̀kẹ́ náà lẹ ṣe wá kí mi káàbọ̀ tó báyìí?”

A ní káàbọ̀, a ní kú ewu ọ̀nà. Ó tú àpò, ó pín dàbínù fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn òkè, bí orúnkún rẹ̀ ṣe kọ̀, bí àdúà Màámi ṣe gbé e dìde. Ó ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà bó ṣe lọ́. A jẹ́ kó sọ ọ́. Dàbínù wà lọ́wọ́ mi, n kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè gbé e sílẹ̀.

Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ ọ́.

“Kabirat, jókòó. Ọlọ́hun ló ń fúnni, òun náà ló ń gbà. Màmá ti lọ sinmi.”

Ó dúró síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tó ti ń júwe ọ̀nà.

“Ìgbà wo?”

“Sọ́ńdè.”

“Sọ́ńdè wo? Ọ̀la ni Sọ́ńdè.”

“Èyí tó kọjá.”

Ó kà á lórí ìka. Mo rí i tó ń kà á. Nígbà tó dé ìka kẹjọ, ó wo Mìkáílù.

“Ọ̀la ni fídáù.”

“Ìyá Faiz, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tí o bá ṣubú…”

Èmi ló kọjú sí.

“Alhaja, ẹ̀yin lẹ dàgbà. Ẹni tó wà lókèèrè tí ìyá rẹ̀ kú, kí ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí i nílé wa?”

“‘Ara Ìyá kò yá, máa bọ̀.’”

“Ta ló ní kí n máa bọ̀?”

Ìdajì àṣà ni a mú, èyí tó ń fi òkú pa mọ́. Ìdajì tó ń pe ọmọ wálé, àwa ni a fi í sílẹ̀.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Patricia gbé oúnjẹ wá. Kabirat pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

“Lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ọkọ̀, inú ló ń run ẹ́ lóòótọ́?”

“Rárá, Auntie Kabi. Mò ń sunkún ni.”

“O sun ẹkún ìyá mi kí èmi tó sun ún.” Kò pariwo. Ó gba abọ́ náà, ó sì rọra tilẹ̀kùn.

Lágogo mẹ́wàá ó jókòó sórí àtẹ̀gùn inú ilé pẹ̀lú fóònù. Kàfí gbé fóònù kọ́ sára fèrèsé ní Ìjẹ̀bú-Òde kó lè rí àwọn àlùfáà. Àwòrán ń dúró, ó ń lọ. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé. Nígbà tó kan tirẹ̀, àlùfáà náà ní, “Kabirat, tí kò lè wá.” Kò sunkún. Láti àná kò tíì sunkún rárá, ìyẹn ló sì ń ba àwa tó wà níbẹ̀ lẹ́rù.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Mìkáílù gbé omi wá fún un.

“Bàbá Faiz, màmá tiyín ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.”

“Alhamdulilahi, wọ́n wà.”

“Tí wọ́n bá kú lọ́la, tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, tí èrò kún ẹ̀yìn yín fọ́fọ́, ṣé kí n dúró títí ẹ ó fi ṣíwọ́, àbí kí n pè yín?”

“Pè mí,” ló wí.

Kò tilẹ̀ ronú. Ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tán ló tó gbọ́wọ́ lé ẹnu.

Kabirat gba omi náà, ó gbé e kalẹ̀ láìmu, ẹkún sì gbé e. Mìkáílù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ jókòó tì í. Àtẹ̀gùn ilé wọn kò fẹ̀. Ẹni méjì kò lè jókòó lórí ìpele kan àfi tí ẹnì kan bá sún. Kabirat kò sún.