Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Àbẹ̀kẹ́

Mo ń sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sáré dé láti ilé ìwé. "Mọ́mì, wọ́n máa kó wa lọ wo ẹranko!" Inú rẹ̀ dùn débi pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ wọlé. Èmi kò lè bá a yọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà lóko kòkó, ẹ mọ bí ọjọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó ṣe máa ń rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́yìn Iléṣà, àwa ọmọdé a jókòó ti òkìtì kòkó, a ó máa lá omi dídùn ara rẹ̀, a ó sì tu hóró sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tu hóró dànù, ìyá mi á fa etí rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ ọ̀bọ ni. Ọdẹ pa ìyá rẹ̀, bàbá mi sì gbà á kó tó di ẹran ọbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí bí ọmọ. Bàbá mi kì í gbé omi fún àlejò láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. "Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́: mo máa ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ díẹ̀ kí n tó na ìyókù sí i. Ó wá mọ́ ọn lára. Bí èèyàn kò bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ebi ì báà máa pa á kú lọ, kò ní fẹnu kàn án.

Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já kòkó oníkòkó. Àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà ní àwọn ó pa á. Bàbá mi bá gbé e lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Òkè Fíà, l'Óṣogbo, láti lọ ilé ìwé girama. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi ohùn Ìjẹ̀ṣà mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní "ará oko". Ni mo bá purọ́ pé àárín Iléṣà la ń gbé, pé iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ń ṣe.

Kò pẹ́ ni wọ́n kó wa lọ sí ọgbà ẹranko yẹn gan-an. A rí kìnnìún tó ń sùn bí ọ̀lẹ. A rí ọ̀nì tó lanu sílẹ̀ tí kò pa á dé. Ògòǹgò na ọrùn gbọọrọ, ó ṣá fìlà bọ́ lórí tíṣà wa, a rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀bọ, mo rí etí kan tí ajá ti fà ya nígbà kan lábúlé wa. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ó ti rù kan egungun. Ó sáré wá síbi irin, ó na ọwọ́ sí mi, ó ń ké.

"Ará oko, àbúrò rẹ ń kí ọ o!" ni Bísí wí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú kíláàsì wa. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ yíjú sí mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni? Kì í jẹun, àfi ewé díẹ̀ tó bá já fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tá a bá fún un, ó kàn ń wò ó níran ni. Bó o bá mọ ohun tó ń fẹ́, jọ̀ọ́, wí fún wa."

Kí n ṣáà gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn jẹ lẹ́ẹ̀kan péré ni, á jẹ ìyókù.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà," ni mo wí, mo sì bọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Igbe rẹ̀ tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀.

Nígbà ìsinmi, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi gbọ̀nà ọgbà ẹranko náà lọ. Nígbà tó padà dé, kò bá mi wí, kò sì nà mí. Ó kàn ní, "Ó ti kú." Ẹgba ì bá sàn fún mi.

Láyé ìgbà tiwa, ọ̀bọ ń bá wa jẹun. Lónìí, inú fóònù lọmọ mi ti ń wò wọ́n. Lóko wa pàápàá, a kì í gbọ́ igbe wọn mọ́. Lẹ́yìn tí mo sá aṣọ tán, mo jókòó ti ọmọ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó bi mí pé, "Mọ́mì, àbí ó ti gbàgbé yín ni?"

"Rárá, ó mọ̀ mí. Èmi ni mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó o mọ̀, ọmọ mi, sọ ọ́. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ."