Ọkọ̀ Abẹ́ Máńgòrò

Òórùn bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú jẹnẹrétọ̀ mi lánàá ló gbé ọkàn mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Igbudu, lọ́dún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílùú wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọ̀sán ni. Ìbọn ti ń dún lókèèrè láti àárọ̀, ọjà sì ti wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi, tí ojú wọn pọ́n nítorí àìsùn, ń tún ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ wọn ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà láti ìgbà tí mo ṣì ń rákòrò. Wọ́n fọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n da epo sí kabúrétọ̀, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ títí ó fi sú wọn. Èmi sáré lọ wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ náà wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó sì ń gbọ̀n. Mo pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn gbé orí lé sítíárín.

"Daddy, where we dey go?"

"A ò lọ síbì kankan." Wọ́n pa á, kí epo má baà tán.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé torí ọjọ́ tí a máa sá ni wọ́n ṣe ń dán an wò.

Mo jókòó, mo fẹ́ tú okùn bàtà mi. Màmá mi, tí wọ́n ń ki aṣọ wa bọ àpò ìrẹsì, ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Má bọ́ ọ. Jẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ rẹ."