Súnmọ́tì, Ọmọ Abúlé Òyìnbó

Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin bímọ sí Buford, ní Amẹ́ríkà, ni mo tó mọ ibi tí oríkì mi ti wá. Ká ní mo mọ ohun tí mo fẹ́ kà ni, ǹ bá ti ju fóònù yẹn sínú ìkòkò ọbẹ̀ kí n tó ṣí i.

Súnmọ́tì ni wọ́n ń pè mí. Kò sí nínú páásípọ́ọ̀tù mi, kò sì sí lára káàdì tí mo ń gbé kọ́rùn níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Orúkọ inú ilé ni. Òun ni ìyá mi fi ń pè mí láti kékeré, òun náà ni olóògbé ọkọ mi fi máa ń bẹ̀ mí tí inú bá ń bí mi, inú sì máa ń bí mi dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi ní òun fẹ́ kí ọmọ tuntun náà jogún ẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n fi òwú aláwọ̀ góòlù kọ ọ́ sára bùláńkẹ́ẹ̀tì ìkókó. Sátidé ni ìsọmọlórúkọ.

"Mummy, it's so cute," ló wí, "ó tún ní meaning."

Ó ní meaning lóòótọ́.

Ìtàn tí mo mọ̀ nípa orúkọ náà rèé, bí mo sì ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyí, fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Georgia tí wọ́n ń sọ Yorùbá bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń kọ́ òfin, ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń ṣe nígbà náà ni àwọn náà ṣe: wọ́n gbé mi lọ fún òyìnbó kan ní abúlé kan ní Kent pé kó máa bá wọn tọ́ mi. Àwa ọmọ Yorùbá tó gba ọ̀nà yẹn kọjá pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Ìgbà tí eyín iwájú mi ń ká ni wọ́n wá gbé mi lọ sílé. Mi ò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ìyá ìyá mi nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Súnmọ́tì, sún mọ́ mi, sún tì mí, ọmọ mi." Mo sáré lọ bá wọn. Nínú gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣoṣo ló yé mi.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló gbọ́ ọ!" ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀jẹ̀ ò gbàgbé èdè!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ á ní kí n tún un sọ.

Ẹ má rò pé mo kórìíra abúlé náà o. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àfi bí ẹni wọ́n sà sí. Mo ti ń gbé Stockbridge ní Georgia yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ilé kan ò yàtọ̀ sí èkejì ní subdivision wa, tí wọ́n bá ní kí n júwe ẹ̀, ó di kí n máa sọ pé "ẹ yà sọ́tùn-ún." Ṣùgbọ́n abúlé yẹn, mo lè di ojú mi kí n rìn ín já. Mo rántí ewéko tí wọ́n fi ń pọn bíà, bó ṣe ń ga lórí okùn ju ilé lọ, àti àwọn ilé olórí ṣóńṣó tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́, tí òórùn kíkorò ẹ̀ á bo gbogbo abúlé. Mo rántí èéfín èédú. Mo rántí búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹran dídì pa, tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí lórí. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan máa ń gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá kí ìjọba tó tì í pa.

Ibùsùn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nínú kíṣìnì, ibi tó móoru jù nínú gbogbo ilé. Mo máa ń sọ fún ọmọ mi pé ìfẹ́ nìyẹn, àwọn ọmọ tiwọn wà lókè nínú òtútù. Lọ́jọ́ Sunday, ìyá òyìnbó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á dúró sẹ́nu ọ̀nà, èmi á wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà lọ́hùn-ún. Wọ́n á pè mí, èmi á sáré, bí mo bá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á ju bísíkíìtì sókè kí n fi ẹnu gbà á. Tí mo bá gbà á, gbogbo ilé á hó yèè. Mo rò pé kò sí ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn tó mi lórí ilẹ̀ ayé.

Àwọn ará abúlé náà ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ sí. Arúgbó ni gbogbo wọn báyìí, iṣẹ́ ò sì sí. Wọ́n á jà lórí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń mu tíì. Wọ́n á jà lórí omi tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀, bóyá iwájú ilé ọtí ló wà ni tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹni ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Mo mọ̀, mi ò sọ fún wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń kà á nínú mọ́tò kí n tó wọlé sí shift, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, mo wà ní kíṣìnì ọmọ mi ní Buford, mò ń se ọbẹ̀ aláta fún ìyá ọmọ. Bí mo ṣe ṣí fóònù báyìí, ilé wa ni mo rí! Ẹnu ọ̀nà wa gan-an, ìyá òyìnbó mi dúró níbẹ̀, ara ẹ̀ ṣì le, ajá dúdú kan jókòó síwájú ẹ̀. Mo fò sókè. Mi ò mọ ajá yẹn, kí n tó dé ni.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀.

Obìnrin kan ní áà, Smut nìyẹn, ajá tó dára jù ní gbogbo abúlé wa. Smut, lédè òyìnbó, ni dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Àkọ́bí ìyá òyìnbó mi, tó ti di bàbá arúgbó, dá a lóhùn. Ó ní nígbà tí Smut kú, màmá òun gba ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tọ́. Orúkọ Áfíríkà tó ń jẹ́ gùn jù, wọn ò lè da ara wọn láàmú, ni wọ́n bá ń pe òun náà ní Smut. Ó ní ibi tí ajá ń sùn náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó ní, "Tí a bá sì ti pè é, eré ló máa sá wá, bíi ti àkọ́kọ́." Wọ́n to àwòrán ojú tó ń fi ẹ̀rín da omi lójú tẹ̀lé e, ó lọ bẹẹrẹbẹ.

Mo ka orúkọ náà sókè. Smut. Mo tún un pè, lọ́nà tí ìyá àgbà Ìbàdàn tí kò gbọ́ òyìnbó á gbà pè é. Su-mọ́-tì.

Yéè! Mo kú!

Ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ mi ń ké láti inú yàrá pé kí ló ń rùn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé èmi ni ọmọ yẹn, mo wà láyé, Amẹ́ríkà ni mo wà. Inú wọn dùn! "Hello, Smut!" "Smut, ṣé o ṣì ń sáré?" Obìnrin kan ní kí n má bínú, nígbà yẹn àwọn ò mọ̀ ju ìfẹ́ lọ. Kò sí ẹnìkan tó bi mí pé kí ni orúkọ mi. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Orí gbogbo yín ò pé, ìran aláìnítìjú." Wọ́n fi àwòrán ọkàn pupa dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní ẹ wo bí èdè ẹ̀ ṣe rẹwà.

Lọ́jọ́ kejì mo wakọ̀ padà sí Stockbridge, ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú. Mo bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń bó ọsàn. Mi ò kí wọn.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá ni Súnmọ́tì?"

Wọn ò dáwọ́ ọsàn bíbó dúró. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Mo rí bẹ́líìtì ọrùn ajá náà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n kọ ọ́ sára irin ẹ̀. Ṣé mi ò mọ̀wé ni?"

"Ẹ wá ń fi pè mí! Ẹ jẹ́ kí ìyá yín máa fi kì mí! Mò ń fi yangàn káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì bí òmùgọ̀!"

"Ìyá mi ló sọ ọ́ di Yorùbá. Wọ́n bi mí pé kí ló ń jẹ́ níbẹ̀, mo sọ fún wọn. Inú wọn ń dùn, ṣé kí n wá sọ pé ajá ni?" Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n máa pè ẹ́? Nígbàkigbà tí mo bá wá wò ẹ́ ní abúlé yẹn, mo máa pè ẹ́ ní orúkọ tí mo sọ ẹ́, wàá máa wò mí bí ẹni ń wo gbọ́mọgbọ́mọ. Òyìnbó á ní Smut, wàá ti fò mọ́ ọn. Ọjọ́ tí à ń lọ sílé, ìwọ lò ń ké ní pápákọ̀ òfurufú pé èmi kọ́ ni ìyá ẹ, ọlọ́pàá ń wò mí. Mo pe gbogbo orúkọ ẹ tán, o ò dá mi lóhùn. Mo pe ti ajá, o wá."

Mo ní, "Ẹ ò bá má gbé mi fún wọn."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ò gbé tìẹ fún daycare kó tó lè rá? Ó gbọ́ Yorùbá ni?" Wọ́n mú ọsàn wọn padà. "Gbà, jẹ ọsàn."

Mo lu tábìlì, ọsàn fọ́n ká ilẹ̀. Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Lálẹ́ Ẹtì, mo pe ọmọ mi lórí fóònù pé kó yan oríkì mìíràn, orúkọ ajá ni èyí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó ní, "But Mummy, you told everybody." Ọkọ ẹ̀ ló mú sísọ́ọ̀sì, tó tú òwú góòlù náà kúrò lára bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ fà ya díẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọ ò ní oríkì. Kò sí èyí tí èmi fúnra mi dá lábàá tí kò dà bíi pé mo jí i gbé.

Ní Sátidé, ilé kún. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó pe àwọn orúkọ inú ìwé tán, ó wá ní kí ìyá ńlá, ìyá mi, dìde kí wọ́n fún ọmọ ní oríkì. Mo mọ ìyá mi. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ìwọ̀sí lọ èèyàn, iwájú èrò ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí wọ́n bá la ẹnu tí wọ́n pe orúkọ ajá yẹn lé ọmọ ọmọ mi lórí, mo ti pinnu pé màá gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn níwájú pásítọ̀.

Wọ́n gba ọmọ. Wọ́n gbé ẹnu sí i létí, wọ́n pe oríkì kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Oríkì pẹ̀lẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ọmọbìnrin tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó rí i. Gbogbo ilé hó. Ọmọ mi ń sunkún ayọ̀, ó ń gbìyànjú láti pè é, ohùn ẹ̀ ń ṣì í.

Mo lọ bá wọn lórí àga. Mo ní, "Màmá, níbo lẹ ti rí i?"

"Tìẹ ni," wọ́n ní. "Òun ni bàbá ẹ fún ẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ tí a sọ ẹ́ lórúkọ."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi ìyá àgbà, níwájú àwọn àlejò. Omi ń dà lójú mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Wọn ò wò mí. Ojú ọmọ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń fi ìka tún ètè ẹ̀ ṣe.

"Mo ti fún ọmọ yìí," wọ́n ní. "Ìwọ ti ní tìẹ."