Àwọn Orogún Inú Ìgò

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Akunlé, ọjọ́ tí omi rẹ̀ di funfun ni gbogbo àdúgbò máa kọ́kọ́ ń rántí. Bàbá àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ ló wá kí wọn nílé. Ó rí àpótí gíláàsì gbàgàdà ní pálọ̀, ó rí ẹja, ó rí iyùn alààyè, ẹ̀dá inú òkun, lórí òkúta, ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ṣé iyùn yìí ń jẹun ni?"

Kí ni Bàbá tún fẹ́ gbọ́ ju ìyẹn lọ! "Ó ń jẹun dáadáa! Kálísíọ̀mù ló fi ń mọ eegun ara rẹ̀. Èkejì ni álíkálì, òun ni kì í jẹ́ kí omi kan." Ó gbé ìgò oògùn méjèèjì, ó ń ṣàlàyé, ó ń dà á sínú omi. Kó tó mọ̀, ó ti da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi funfun báláú, a ò rí ẹja mọ́.

"Yéè! Ṣé mílíìkì nìyẹn?" ni àlejò wí.

Bàbá kò mira. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kun ilé onílé kó tó fẹ̀yìn tì. "Rárá o. Mílíìkì pọ́n díẹ̀. Funfun eyín náà kọ́. Funfun ẹfun gan-an nìyí."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì. "Funfun yòówù kó jẹ́, ẹja ò ríran mọ́."

Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń fi garawa pààrọ̀ omi. Láti ìgbà náà, ó kọ "Ìyálé" sára ìgò kan, ó kọ "Ìyàwó" sára èkejì. Ìyálé láàárọ̀, Ìyàwó nírọ̀lẹ́, wọn ò gbọdọ̀ pàdé. "Bí mo bá kẹ́ ọ̀kan jù, èkejì á já wálẹ̀," ló máa ń wí. "Ọgbọọgba ni."

"Èmi nìkan lẹ fẹ́ láti ọjọ́ yìí," ìyàwó rẹ̀ fèsì, "ẹ wá lọ kó orogún sínú ìgò."

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o, ọkùnrin náà mọṣẹ́. Iyùn tó rà bí èékánná, ó tọ́ ọ títí ó fi tó àwo ìjẹun.

Àárọ̀ Sátidé ló ń wọn omi. Á bu díẹ̀ sínú ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ, á po oògùn mọ́ ọn, omi á di píńkì. Á wá máa kán oògùn mìíràn sí i, á máa kà á, títí yóò fi di búlúù. Iye ẹ̀kán ló ń sọ iye kálísíọ̀mù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ní ojú òun kò mọ píńkì yàtọ̀ sí búlúù mọ́, àfi kí ìyàwó òun bá òun wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tó fi báàfù tuntun obìnrin náà po iyọ̀ òkun fún omi àpótí náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bára sọ̀rọ̀. Sátidé dé, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ìgò lọ́wọ́.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé ó ti di búlúù?"

Ìyá ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Bí mo bá ṣì í kà, tí iyùn kú, ọrùn ta ni?"

Obìnrin náà yíjú wò ó. "Ó ku ẹ̀kán kan."

Ìjà parí síbẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sí ìjà wọn tó rẹ́yìn Sátidé.

Bàbá kú wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àga tó kọjú sí àpótí náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láàárọ̀ Sátidé kan. "Màmá, iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún yín. Mo ti rí ẹni tó máa rà á. Ó ń bọ̀ lọ́sàn-án."

"Mo gbọ́," ni ìyá wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Bí ọmọ ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó rí ìwé tí Bàbá ń kọ ẹ̀kán sí. Ó ṣí i dé oṣù tí òun bímọ, tí Màmá wá bá òun gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀, ẹ̀kán pé pérépéré, bẹ́ẹ̀ Bàbá nìkan ló wà nílé.

"Màmá! Bàbá ríran! Wọ́n ti ń tàn yín jẹ látọjọ́ yìí!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ẹni tó ń ya mílíìkì sọ́tọ̀ lára ẹfun? Láti Sátidé àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń lọ bá wọn wò ó?"

"Bàbá yín kì í ṣe ẹni tó lè sọ pé, 'Wá jókòó tì mí.' Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn." Ó nu ojú. "Àárò rẹ̀ ń sọ mí."

Ó bu omi, ó po oògùn, ó di píńkì. Ó ń kán an, ó ń kà á. Nígbà tó yá, ó gbé ìgò náà síwájú ọmọ rẹ̀. "Wá bá mi wò ó. Ojú mi ò mọ píńkì yàtọ̀ sí búlúù mọ́."

Omi inú ìgò ti di búlúù kedere.

Ọmọ náà gbé fóònù, ó pe ẹni tó ń bọ̀. "Ẹ má bínú, sà. A ò tà á mọ́." Ó fa àga bàbá rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó jókòó.

"Ẹ rọra, Màmá," ló wí. "Ó ku ẹ̀kán kan."