Iyán Tí Mo Gún Nínú Ilé Òṣùpá

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ilé náà létí mi: fùùù, bí ìgbà tí akọ màlúù bá mí kanlẹ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n ni, lórí òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń lẹ táyà. Ọ̀gá tíṣà kan láti yunifásítì ló gbé ilé aláṣọ tí wọ́n ń fún ní atẹ́gùn bíi táyà wá síbẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ ni àwọn tó bá kọ́kọ́ lọ tẹ̀dó sínú òṣùpá yóò máa gbé. Ilé ọ̀hún ń jò. Ta ni wọn ì bá pè bí kò ṣe èmi? Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n láti Arámọkọ títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí, kò sí atẹ́gùn tó ń sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo fi omi ọṣẹ wá ihò náà rí, mo lẹ̀ ẹ́ pinpin. Mo tún fọ́nnu pé èmi gan-an ni n ó gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá tíṣà ní bó bá dúró di ọjọ́ kẹta, òun yóò kọ orúkọ mi sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ará òṣùpá lè mọ̀ mí. Kí n tó wọlé, mo ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo ìlú.

Ọjọ́ kejì ni ebi dé. Bisikíìtì gbígbẹ ni wọ́n kó fún mi. Ọmọ Èkìtì wo ló ń fi bisikíìtì yó? Àwọn àgbà wa ní ilé tí odó kò bá dún nínú rẹ̀, àgọ́ ni. Mo ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ó sì gbé odó àti iṣu sísè gòkè wá. Bó ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó pariwo:

"Ulé kọ́ lèyí, ikùn ọ̀pọ̀lọ́ ni! Ṣé ó máa gba odó, baálé mi?"

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Gbé odó sílẹ̀, jàre!"

Mo gún un lẹ́ẹ̀kan, odó fò sókè. Mo gún un lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ilé ń jó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àbùlẹ̀ mi ṣí, fùùù! Ilé wó bo èmi, ìyàwó àti iṣu gbígbóná. Ẹ̀rín ni obìnrin náà ń rín lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá tíṣà fà wá jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń gún iyán nínú òṣùpá?"

"Ta ló ń kọ́lé tí kò lè gba odó? Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà, ẹ ò bi ara yín léèrè ohun tí èèyàn máa jẹ níbẹ̀!"

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọlọ́kadà pé àbùlẹ̀ mi kò ṣí, pé aṣọ ilé náà ló gbó. Irọ́ ni. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀gá tíṣà tún gbé ilé tuntun wá, èyí tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gòkè lọ wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà, tí ìwé mẹ́ta mi tó kà dáadáa, ni pé: "Ẹ má ṣe gún iyán níhìn-ín." Kò sẹ́ni tó kà á ní Ẹ̀fọ̀n tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Ará òṣùpá náà á kà á lọ́jọ́ kan, wọn á sì béèrè ta ló gún un.