Ọjọ́ Tí Èmi àti Ààfáà Lọ Wo Ọmọ ní Yunifásítì

Láyé ológun, lẹ́yìn tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló wà ní yunifásítì nínú gbogbo agbo ilé wa ní Ìwó. Ìmọ̀ oògùn òyìnbó ló ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, nítorí náà èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mo di bàbá akọ̀wé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́pàá ń wọ̀yá ìjà ní àwọn yunifásítì kan. Kò dárúkọ ti ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà gba Olúpọ̀nnà lọ, nígbà tó fi máa padà dé ọ̀dọ̀ wa, òkú ti wọ inú rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n sáà lọ fojú kàn án. Mo ní kí ló le níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àyà mi ti já sínú ṣòkòtò. Mo lọ bẹ Ààfáà àdúgbò wa pé kó sìn mí. Èrò mi ni pé bí ọlọ́pàá bá fẹ́ yìnbọn, á kọ́kọ́ wo láwàní.

A débẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Wọ́n júwe gbọ̀ngàn ìdánwò fún wa, àwọn ọmọ ti tò lẹ́nu ọ̀nà, tiwa sì wà láàárín wọn. Inú mi dùn débi pé n kò ro bí àwa méjèèjì ṣe rí: Ààfáà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, èmi nínú agbádá, láìròtẹ́lẹ̀.

Ó rí wa, ó kúnlẹ̀, kò dìde mọ́.

"Kò sí nǹkan kan," mo wí. "A kàn ní ká wò ọ́ ni."

"Bàbá kékeré, bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tí bàbá mi kú."

Òótọ́ ni. Èmi àti Ààfáà yìí kan náà la lọ mú un nílé ìwé girama lọ́jọ́ yẹn. Ṣé a máa ń túfọ̀ fọ́mọ lójúkojú ni? A máa ń ní kò sí nǹkan, kó sáà máa bọ̀ nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Bí mo ṣe ń búra ló ń sunkún. Ààfáà ní òun á ṣàdúà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bó ṣe tẹ́wọ́ báyìí, ọmọ figbe ta, ó ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa tilẹ̀kùn ìdánwò, ó ti kọrí sí gáréèjì, àwa àgbà ń sá tẹ̀ lé e.

Ìyá rẹ̀ ń ku èlùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a wọlé. Ọmọ dì mọ́ ọn, gbogbo ara rẹ̀ funfun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo oòrùn.

"Wọ́n á ti parí," ó wí.

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìdánwò ọ̀hún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, òun dúró dè é. Tó bá wálé ọlidé, á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, á béèrè àlàáfíà mi, ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ ìdánwò kankan fún wa mọ́. Ẹnu ará Ilé-Ogbó kan la ti gbọ́ pé ó ti yege.